Bí fíìmù orí server ilé yín bá ń dúró lọ́dọ̀ àwọn tó wà lókèèrè

Ẹ má tíì bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ nìyẹn fún ẹni tó bá pè mí pé òun kó fíìmù sórí server, kọ̀ǹpútà tó ń fi fíìmù ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀rọ mìíràn, nílé òun ní London, ṣùgbọ́n tí màmá òun ní Òṣogbo bá fẹ́ wò ó, á lọ díẹ̀, á dúró, àmì róbótó kan á wá máa yí láàárín tẹlifíṣọ̀n. Ó lè jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ kọ̀ǹpútà tó ń gbé fíìmù náà jáde, tàbí íńtánẹ́ẹ̀tì ilé yín tó ń gbé e kúrò ní London. Bí ẹ ò bá mọ èyí tó jẹ̀bi nínú wọn, owó lẹ máa ná dànù.

Thamesmead ni mò ń gbé. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kékeré kan tí wọ́n ti lò rí, Dell OptiPlex, ni mo fi ṣe server. Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ló wà, Jellyfin, áàpù ọ̀fẹ́ tó ń pín fíìmù, ni mo gbé sórí rẹ̀. Bàbá mi ń wò ó láti Abẹ́òkúta, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń wò ó láti Houston. Fídíò ìgbéyàwó àti ìsìnkú ìyá àgbà tí a yọ kúrò nínú kásẹ́ẹ̀tì VHS ló pọ̀ jù níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn fíìmù Yorùbá tí mo rà fún ara mi ní DVD àti Blu-ray. Ó dára kéèyàn ní ẹni méjì tó ń wò ó ní ìlú méjì. Bí Bàbá bá ní ó ti dúró, màá ní kí Àǹtí tan fíìmù kan náà. Bó bá dúró lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, ọ̀dọ̀ mi ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ Abẹ́òkúta nìkan, ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni, tàbí ti ohun tí Bàbá fi ń wò ó.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ ní kí ẹni náà tẹ play, kí fíìmù máa lọ, kẹ́yin sì ṣí Dashboard, ojú ìwé ìṣàkóso Jellyfin, lórí server. Orúkọ rẹ̀ á hàn níbẹ̀, àti ohun tí server ń ṣe fún un. Bó bá jẹ́ Direct Play, ńṣe ni server kàn ń fi fáìlì náà ránṣẹ́ bó ṣe wà. Iṣẹ́ kékeré ni, kọ̀ǹpútà tó ti gbó pàápàá lè ṣe é. Bó bá jẹ́ Transcode, server ń tú fíìmù náà palẹ̀, ó sì ń tún un dì lọ́nà mìíràn lójú ẹsẹ̀, bí wọ́n ṣe ń wò ó lọ. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Ẹ tẹ àmì tó wà níbẹ̀, á sọ ìdí fún yín.

Nígbà mìíràn, ohun tí wọ́n fi ń wò ó ni kò gba irú fáìlì náà. HEVC, ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà di fídíò, tí wọ́n tún ń pè ní H.265, kì í gba àyè púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo browser ló gbà á. Ẹ ní kí wọ́n fi áàpù Jellyfin wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni Transcode máa ń di Direct Play pẹ̀lú ìyẹn nìkan.

Subtitle ni èyí tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán, bíi SRT, kò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n àwòrán ni èyí tó wá láti inú DVD tàbí Blu-ray. Bí áàpù ọ̀hún ò bá lè fi àwòrán náà lé fíìmù lórí fúnra rẹ̀, server ló máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó di dandan kó tún odidi fíìmù dì. Fíìmù tó ń lọ geere á bẹ̀rẹ̀ sí í dúró nítorí pé ẹnì kan tan subtitle. Bàbá mi gbọ́ Yorùbá ju ẹni tó kọ subtitle náà lọ, síbẹ̀ áàpù ń tan án fún un láìjẹ́ pé ó béèrè. Mo wọ inú account rẹ̀, mo yí Subtitle mode sí None.

Ẹ wá fara balẹ̀ gbọ́ ti quality, torí ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn àwọn èèyàn ti máa ń ṣini lọ́nà. Bí fíìmù bá ti ń dúró, ohun tí kálukú máa sọ ni pé kẹ́ ẹ dín quality kù. Ó dáa. Fíìmù náà jẹ́ Mbps 6 (Mbps ni iye dátà, ní mílíọ̀nù bit, tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), Bàbá dín in sí Mbps 2. Ta ló máa sọ 6 yẹn di 2? Server ni. Direct Play ti di Transcode nìyẹn. Ẹ ti sọ ẹrù kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ ti gbé e ru kọ̀ǹpútà. Bí kọ̀ǹpútà náà bá lágbára, kò burú. Bí kò bá lágbára, fíìmù á máa dúró ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹni tó ń wò ó á sì tún dín quality kù sí i.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ẹrù náà ti wọ kọ̀ǹpútà lọ́rùn nìyí. Nínú Logs lórí Dashboard, ẹ ṣí fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú FFmpeg.Transcode, kẹ́ ẹ wo ibi tó kọ speed= sí nísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ 3x tàbí 4x, ọkàn yín balẹ̀. Bó bá jẹ́ 0.7x, nínú ìṣẹ́jú kan, fíìmù ìṣẹ́jú-àáyá 42 péré ló ń rí ṣe. Kò sí bí irú ẹ̀ kò ṣe ní dúró, ẹ̀bàá ọ̀fíìsì Google ni Bàbá ì báà máa gbé.

Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ sáré lọ ra kọ̀ǹpútà tuntun. Ọ̀pọ̀ Intel ló ní Quick Sync nínú, ibi kan tí wọ́n dìídì ṣe fún fídíò. Ìran kẹfà Intel, tó jáde ní 2015, lè tú HEVC. Ìran keje, tó wà nínú tèmi, lè tú HEVC 10-bit, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù, pẹ̀lú. Ẹ lọ sí Dashboard, Playback, Transcoding, kẹ́ ẹ yan QSV (Quick Sync náà ni) tàbí VA-API (ọ̀nà mìíràn tí Linux ń gbà lò ó). Jellyfin ò gba kọ́bọ̀ fún un. Plex, áàpù mìíràn tó jọ ọ́, ní àfi kẹ́ ẹ ní Plex Pass, èyí tí wọ́n ń sanwó fún. Bí Jellyfin yín bá wà nínú Docker (bí àpótí tí wọ́n ń ti áàpù mọ́), ẹ rí i pé ẹ fún un ní /dev/dri, ibi tó ti máa rí Quick Sync.

Ó ku upload, ìyẹn dátà tó ń jáde nílé yín. Download, èyí tó ń wọlé, ni wọ́n fi ń polówó íńtánẹ́ẹ̀tì fún wa. Ìlà tó ṣì ń gba wáyà bàbà wọlé ní UK lè tó Mbps 80 tó ń wọlé, kí èyí tó ń jáde má ju 20 lọ, tàbí 10 pàápàá. Agbè ni: ikùn fẹ̀, ẹnu tóóró. Ẹnu yẹn sì ni Bàbá ń gbà mu. Ẹ fi wáyà so laptop mọ́ router, kẹ́ ẹ ṣe speed test ní àsìkò tí wọ́n máa ń wo fíìmù gan-an, kì í ṣe ní kùtùkùtù tí gbogbo àdúgbò ṣì ń sùn. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣírò fíìmù: ẹ fi 8,000 sọ iye GB di púpọ̀, kẹ́ ẹ fi iye ìṣẹ́jú-àáyá pín in. Fíìmù wákàtí méjì tó jẹ́ GB 6 á fún yín ní 48,000 tí a fi 7,200 pín, ìyẹn bíi Mbps 6.7. Bí upload yín bá jẹ́ 10, ẹnì kan lè wò ó. Bí Àǹtí bá wọlé tẹ̀ lé Bàbá, ó parí.

Ẹ wo ohun tó tún ń jẹ upload yẹn. Kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà ń gbé fídíò lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán-tòru. Fóònù àwọn ọmọ ń kó fọ́tò lọ sí Google Photos gbàrà tí wọ́n bá ti fi sí iná. Bí server yín bá sì wà lórí Wi-Fi, ẹ fi wáyà so ó. N kò ní àlàyé kankan ju ìyẹn lọ.

Tailscale, áàpù tó ń so ẹ̀rọ pọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni mo fi so gbogbo wa pọ̀, torí n kò lè ṣí port 8096 (ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ Jellyfin) sílẹ̀ ní gbangba fún gbogbo ayé. Ó máa ń wá ọ̀nà tààrà láàárín ẹ̀rọ méjì. Bí kò bá rí i, á gba orí server àwọn Tailscale fúnra wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní DERP, nǹkan á sì máa fà. Bí fíìmù bá ń lọ lọ́wọ́, ẹ tẹ tailscale status. Direct lẹ fẹ́ rí níbẹ̀, ẹ ò fẹ́ rí relay. MiFi ni Bàbá ń lò, àwọn ilé iṣẹ́ fóònù sì máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo, ohun tí wọ́n ń pè ní CGNAT. Ọwọ́ mi ò tó ìyẹn láti London. Ọ̀dọ̀ tèmi ni mo tún ṣe: mo ṣí port UDP 41641, tí Tailscale ń lò, lórí router mi sí server, relay sì di direct. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Plex, ẹ wo Remote Access àti port 32400. Bí kò bá rí ọ̀nà tààrà, á gba Relay, Relay ò sì ní ju Mbps 2 lọ kódà bẹ́ ẹ ní Plex Pass. Láti oṣù kẹrin 2025, owó ti wọ wíwo fídíò ara ẹni látòde lórí Plex.

Àwọn ọjọ́ mìíràn wà tí kò sí ètò tẹ́ ẹ lè yí. Nígbà tí wáyà abẹ́ òkun bà jẹ́ nítòsí Abidjan ní oṣù kẹta 2024, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 ló kàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fi router sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Fún Bàbá, mo ti kúrò nídìí kí server máa tún fíìmù dì lójú ẹsẹ̀. HandBrake, áàpù tó ń tún fídíò dì, ni mo fi ń ṣe ẹ̀dà kékeré sílẹ̀ lóru: H.264, 720p, bíi Mbps 1.5, kóhùn náà jẹ́ AAC. Fíìmù wákàtí méjì kò ní ju nǹkan bíi GB 1.4 lọ, bẹ́ẹ̀ owó dátà ló ń san. Fídíò kásẹ́ẹ̀tì kò pàdánù nǹkan kan, torí ìlà 576 ni PAL, irú fídíò tí kásẹ́ẹ̀tì wa jẹ́, ní látilẹ̀. 576p ni mo máa ń fi sílẹ̀. Ẹ ṣáà má gbàgbé deinterlace (àṣàyàn inú HandBrake tó ń so ìlà àwòrán pọ̀), àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìlà-ìlà á máa fà lára gèlè àwọn obìnrin bí wọ́n bá ti ń jó. Mo kó gbogbo ẹ̀dà kékeré wọ̀nyí sínú library ọ̀tọ̀ tí mo pè ní Ti Bàbá, library yẹn nìkan ni account rẹ̀ sì ń rí. Kò sí quality tó máa yàn. Àǹtí ló ń wo àwọn tó wúwo, torí fiber ló wà nílé tirẹ̀.