Bí Mo Ṣe Ń Tọ́jú Kásẹ́ẹ̀tì Ọdún Ọ̀ṣun Tí Bàbá Mi Fi Sílẹ̀

Bàbá mi kì í pa ọdún Ọ̀ṣun jẹ. Tó bá ti di oṣù kẹjọ, á gbé rédíò tó ń gba ohùn sílẹ̀ kọ́ èjìká, láti alẹ́ tí wọ́n bá tan iná olójú mẹ́rìndínlógún títí di ọjọ́ tí Arugbá bá gbé igbá dé odò. Láti 2005 ni orúkọ igbó Ọ̀ṣun ti wà nínú ìwé ogún àgbáyé tí àjọ UNESCO ń kọ. Inú páálí bàtà ni mo ti bá ohùn ọdún tí bàbá mi gbà sílẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì 41. Bí ẹ bá ní irú ẹ̀ nílé, ẹ má tíì kì í bọ rédíò.

Ẹ kọ́kọ́ ṣẹ́ etí méjèèjì tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni má baà gba nǹkan mìíràn lé e. Ìwàásù ni wọ́n gbà lé ọ̀kan nínú tiwa, ìlù abẹ́ rẹ̀ sì lọ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo téèpù inú rẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Bí ẹ bá rí nǹkan funfun lára rẹ̀ bí ìyẹ̀fun, ó ti bu. Ẹ má kì í bọ rédíò rárá. Ẹ yà á sọ́tọ̀, kó má baà ran àwọn yòókù.

Ẹ fi òwú àti isopropyl, ọtí ìnu-nǹkan, nu héèdì rédíò, irin kékeré tí téèpù ń fara kàn, títí òwú yóò fi mọ́. Ẹ yí téèpù lọ dé òpin, kí ẹ yí i padà, torí ó ti pẹ́ tó ti wà lójú kan. Wáyà ni kí ẹ fi so rédíò mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ má gbé fóònù síwájú sípíkà. WAV, irú fáìlì tí kì í gé ohùn kù, ni kí ẹ fi pamọ́; bíìtì 24 àti 96 kHz ni kí ẹ yàn lórí kọ̀ǹpútà. Ojú kan C90, kásẹ́ẹ̀tì oníṣẹ̀ẹ́jú 90, jẹ́ ìṣẹ́jú 45, á fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gígábáìtì 1.6. MP3, fáìlì tó kéré jù ú lọ, wà fún WhatsApp.

Orúkọ ló le jù. “Ọ̀ṣun, B” lásán ni bàbá mi kọ sára ọ̀kan. Mo gbé e lọ bá bàbá onílù kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, l’Óṣogbo. Ìyáàlù dún, wọ́n na ọwọ́ sókè: “Dá a dúró. Oríkì Àtáọ́ja ló ń lù yẹn. Ọwọ́ bàbá mi nìyẹn.” Wọ́n fi ìka lu orí itan wọn, wọ́n ń bá a lọ. Mo kọ orúkọ náà sílẹ̀ àti ibi tó ti dún: ìṣẹ́jú 12, ìṣẹ́jú-àáyá 40. Kò sí ẹ̀rọ tó lè bá mi ṣe ìyẹn.

Èyí tí wọ́n bá gbà nínú igbó, ẹ bi àwọn olórìṣà léèrè kí ẹ tó gbé e síta. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, kí ọ̀kan wà ní ìlú mìíràn. Tèmi wà lọ́wọ́ àbúrò mi ní Ìbàdàn. Ẹ má ju kásẹ́ẹ̀tì náà nù.

Mẹ́sàn-án ló kù tí kò tíì ní orúkọ. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo ń padà sọ́dọ̀ bàbá náà.