Bẹ́ ẹ ṣe lè fi aṣọ carbon fiber bo ike inú mọ́tò nílé

Aṣọ carbon fiber ni aṣọ dúdú tí wọ́n fi fọ́nrán kábọ́ọ̀nù hun. Ẹ kọ́kọ́ tú ike tẹ́ ẹ fẹ́ fi bò kúrò lára mọ́tò o, ti ẹ̀gbẹ́ jíà ló dáa jù fẹ́ni tó ń kọ́ṣẹ́. Ẹ fi sáńpépà 120 ha á títí dídán ara ẹ̀ á fi lọ, kẹ́ ẹ nù ún mọ́. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára agolo ni kẹ́ ẹ ṣe po epoxy (gọ́ọ̀mù olómi tó máa ń le) mọ́ hardener (èyí tó ń mú kó le), ẹ má fojú wọ̀n ọ́n rárá, ẹ da àwọ̀ dúdú díẹ̀ sí i, ẹ kùn ún sára ike náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ibi tíṣẹ́ wà gan-an nìyí: ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fìka kàn án, tó bá ń lẹ̀ mọ́ ìka àmọ́ tí ò bá ìka wá, àsìkò àtitẹ́ aṣọ ti tó nìyẹn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sétí, ẹ má fà á, torí tẹ́ ẹ bá fà á pẹ́nrẹ́n báyìí ìlà híhun ẹ̀ á wọ́, gbogbo ẹni tó bá wọ mọ́tò yẹn ló máa rí i. Tó bá ti gan, ẹ gé etí ẹ̀, ẹ kun epoxy lé e lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta, kẹ́ ẹ wá fomi àti sáńpépà 400 dé 1000 ha á, ẹ bo imú yín dáadáa, eruku ẹ̀ ò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró. Clear coat (ọ̀dà tí ò láwọ̀) tó ń dènà oòrùn ló kẹ́yìn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ oòrùn á sọ epoxy di yẹ́lò.