Bí mo ṣe borí oorun oògùn

Nígbà tí mo kúrò ní ọsibítù ní New York, adájọ́ pàṣẹ pé kí n máa gba ìtọ́jú láti ilé, lábẹ́ òfin Kendra ti ọdún 1999, òfin ìpínlẹ̀ náà lórí ìtọ́jú àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ. Tí mo bá kọ̀, wọ́n lè dá mi dúró sí ọsibítù, kò ní ju wákàtí 72 lọ, láti yẹ̀ mí wò. Àmọ́ n kò kọ̀ o! Oorun ni. Oògùn àárọ̀ ń kùn mí bí ọtí, mo ń sùn kọjá àkókò dókítà.

Mo sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n yí i sí abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ní aago méjì ọ̀sán. Mo fi bírò pupa yí ọjọ́ náà po lórí kàlẹ́ńdà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike gaàrí. Tó bá ku ọ̀la, Àǹtí mi á pè: "Ọmọ mi, ṣé o rántí?" Oṣù keje rèé, n kò pa ọjọ́ kankan jẹ.