Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Àwọ̀ Eérú Ya Ojú Ènìyàn Lórí Fóònù

Yèyé mi ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo kọ́kọ́ yà. Mo gbé fóònù fún wọn, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ta lo kun èédú sí lójú báyìí?" Wọn ò parọ́. Mo rò pé nígbà tí Yèyé ti dúdú, kí n ṣáà kun gbogbo ojú wọn ní dúdú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pa àwọ̀ tì fún oṣù mẹ́ta, eérú nìkan ni mo fi ń ṣiṣẹ́.

Ẹ má tíì náwó. Ọ̀fẹ́ ni ẹ máa rí áàpù ìyàwòrán ibisPaint gbà sórí fóònù, ọ̀fẹ́ sì ni Krita fún kọ̀ǹpútà. Ìka ni mo fi ya Yèyé; gègé olówó pọ́ọ́kú tí mo rà kò lò tó ọ̀sẹ̀ méjì.

Fọ́tò ló ṣòro jù. Ẹ fi fọ́tò pásípọ́ọ̀tù sílẹ̀, fláàṣì ti pa gbogbo òjìji ojú rẹ́. Ẹ ní kí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ yà jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ máa ti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo bọ̀.

Ẹ má yà á sórí funfun, nítorí pé gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá kùn síbẹ̀ ló máa dà bíi pé ó dúdú jù. Ẹ fi eérú àárín kun ilẹ̀ rẹ̀: saturation (bí àwọ̀ ṣe kún tó) ní 0, brightness (bó ṣe mọ́ tó) ní 50. Ẹ wá to eérú márùn-ún sí igun kan, 15, 30, 50, 70 àti 88. Àwọn yẹn tó yín jẹun.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fi ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ ya ìrísí orí sórí layer (ìpele ìyàwòrán) tirẹ̀, ẹ dijú díẹ̀ wo fọ́tò náà, bí ẹni tí èéfín ìdáná ń ta lójú. Ìpéǹpéjú á pòórá, irun imú á pòórá. Ibi dúdú méjì-mẹ́ta àti ibi mímọ́ méjì-mẹ́ta tó bá ṣẹ́ kù ni kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ńlá tí etí rẹ̀ le kùn. Ẹ má fọwọ́ kan ẹyinjú o! Èmi náà máa ń fẹ́ sáré débẹ̀, ó sì máa ń bà á jẹ́ fún mi.

Níbí ni mo ti rí àṣìṣe mi. Yèyé fi òrí para lọ́jọ́ náà. Mo fi eyedropper (irinṣẹ́ tó ń mú àwọ̀ látinú fọ́tò) kan iwájú orí wọn níbi tí oòrùn bà sí, mo tún fi kan gèlè funfun wọn níbi tí òjìji wà. Iwájú orí ló mọ́ jù! Funfun ẹyinjú wọn gan-an kò ju 55 lọ.

Tẹ́ ẹ bá rí fọ́tò ilẹ̀kùn tí agbẹ́gilére Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́, èyí tó wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí, ẹ fara balẹ̀ wò ó. Ó gbẹ́ àwọn ère náà yọ síta débi pé wọ́n ń ta òjìji sára pákó. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ imú yíyà: ẹ má fi ìlà yí i ká, òjìji ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń gbé e dúró.

Kí eérú méjì tó lè wọnú ara wọn, ẹ mú àwọ̀ tó wà láàárín wọn, kẹ́ ẹ fi kun ojú ààlà. Ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ ṣe é títí ààlà á fi pòórá. Lábẹ́ àgbọ̀n, ẹ jẹ́ kó mú. Smudge, irinṣẹ́ tó ń fa àwọ̀ wọnú ara wọn, máa ń sọ ojú di ike. Ẹ máa yí àwòrán bí ẹni ń wo dígí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ máa rí i pé ojú kan ga ju èkejì lọ. Ẹ sì máa fi iṣẹ́ pamọ́ kí iná tó lọ.

Mo gbé ẹlẹ́ẹ̀kejì lọ bá Yèyé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wá ní, "Ilà mi dà?" Mo ti fi búrọ́ọ̀ṣì ńlá bò ó mọ́lẹ̀. Mo ṣí i padà níwájú wọn, mo fa ilà náà tẹ́ẹ́rẹ́ ní 25, mo sì fi 65 tọ etí rẹ̀ kan, nítorí pé ilà jìn, ìmọ́lẹ̀ sì máa ń dúró létí kòtò.