Báńdéèjì Second Skin Lórí Táàtù Tuntun: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Ba Iṣẹ́ Jẹ́

Táàtù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fín, egbò ni. Abẹ́rẹ́ ti gún awọ ara láìmọye ìgbà, ó ti gbé tàdáwà wọnú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ àti omi ara sì ń sun jáde. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ afíntáàtù, ní Èkó àti ní Lọ́ńdọ̀nù, fi máa ń lẹ báńdéèjì kan tó mọ́ gaara mọ́ ọn kí oníbàárà tó dìde níwájú wọn. Second skin ni wọ́n ń pè é. Saniderm àti Tegaderm wà lára orúkọ tí ẹ máa rí lára páálí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ 3M ló kọ́kọ́ ṣe Tegaderm jáde, àwọn ọsibítù sì ti ń fi í bo egbò àti ojú ibi tí wọ́n ti fa omi síni lára, kó tó dé ọ̀dọ̀ afíntáàtù. Ohun tó dáa ni, mo sì fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ni gbogbo agbára rẹ̀ wà. Bí etí bá lẹ̀ pinpin, kòkòrò ò ríbi wọlé. Bí etí bá ṣí, kòkòrò á wọlé, ooru àti omi tó wà lábẹ́ rẹ̀ á sì máa tọ́jú wọn.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe tó burú jù ti ń wá. Ẹni tó fín táàtù sí ìgbọ̀nwọ́ wọ dánfó lọ síbi iṣẹ́, oòrùn mú un, òógùn bò ó, ó ń ká apá ó ń nà án. Kó tó di alẹ́, igun kan ti ká sókè. Dípò kó ṣí gbogbo rẹ̀ kúrò, sẹ́lótéèpù ló fi lẹ igun yẹn padà, ó ní òun ti tún un ṣe. Omi inú rẹ̀ ti rọ́nà jáde, òógùn àti ìdọ̀tí sì ti rọ́nà wọlé. Ó wá fi sẹ́lótéèpù sé gbogbo wọn mọ́ orí egbò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí etí bá ti ṣí dé ibi tí wọ́n fín, tàbí tí omi ń jò níbẹ̀, ẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ ṣí báńdéèjì náà pátápátá, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò lóòórùn fọ táàtù náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tó lẹ tuntun. Èyí tó ti ṣí kì í tún ṣe é lẹ̀ padà.

Ọ̀pọ̀ ìgbà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọn ò ti lẹ̀ ẹ́ dáadáa. Wọ́n gé e kéré jù, ó wá jẹ́ pé orí egbò gan-an ni etí rẹ̀ bọ́ sí. Ó yẹ kó kọjá táàtù náà ní ìnṣì kan, ó kéré tán, yí ká, lórí awọ tó mọ́, tó gbẹ, tí kò nírun. Àwọn mìíràn á kọ́kọ́ fi òrí tàbí Vaseline pa ibẹ̀ kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́, nítorí ilé la ti kọ́ pé òrí dáa fún ara. Òrí dáa lóòótọ́, àmọ́ báńdéèjì kì í lẹ̀ mọ́ ọ̀rá. Ẹ má sì nà án nígbà tí ẹ bá ń lẹ̀ ẹ́. Èyí tí wọ́n nà á máa fa awọ ara bó ṣe ń sún kì, ìléròrò á sì yọ létí rẹ̀. Ní ti náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń wé oúnjẹ, kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Second skin máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé kí oru omi ara sì jáde; náílọ́ọ̀nù oúnjẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rù tún máa ń ba àwọn èèyàn bí wọ́n bá rí omi dúdú lábẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, báńdéèjì lè wú rọ̀bọ̀tọ̀ bíi píọ̀ wọ́tà kékeré, kí omi inú rẹ̀ dúdú kó sì máa yí kiri. Wọ́n á ní táàtù àwọn ti ń ṣàn lọ. Tàdáwà tó ṣẹ́ kù lójú awọ, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ àti omi ara ló dà pọ̀ mọ́ra. Èyí tó ti wọnú awọ ò ní bá a lọ. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ lu báńdéèjì kí omi náà lè jáde, nítorí ihò yẹn ti di ẹnu ọ̀nà. Bí omi náà bá pọ̀ débi pé ó fẹ́ dé etí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ kì í sábà lò ju wákàtí 24 lọ. Èyí tó tẹ̀ lé e lè lo ọjọ́ mélòó kan, gẹ́gẹ́ bí ìwé inú páálí bá ṣe sọ.

Àwọn kan ò tilẹ̀ jẹ́ kó dé ibẹ̀. Wọ́n á ṣí i kúrò kíákíá kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí egbò, wọ́n á wá da sípírítì tàbí Dettol lé e. Ìgbàgbọ́ pé egbò gbọ́dọ̀ gbẹ kó tó jinná ti pẹ́ nílẹ̀ wa, ó sì pẹ́ nílẹ̀ òyìnbó náà. Lọ́dún 1962 ni George Winter, oníṣẹ́ ìwádìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ara ẹlẹ́dẹ̀ hàn pé egbò tí wọ́n bò kó lè tutù máa ń tètè pa awọ dé ju èyí tí wọ́n jẹ́ kó gbẹ kó sì dì lọ. Sípírítì ní tiẹ̀, ṣe ló máa ń jó awọ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù.

Ti gọ́ọ̀mù rẹ̀ ló yẹ ká fara balẹ̀ wò, nítorí kò bá ara gbogbo èèyàn mu. Táàtù tuntun máa ń yúnni díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó ń yún yín. Bí kókó wẹ́wẹ́ bá yọ tó sì gba gbogbo ibi tí báńdéèjì dé, títí kan ibi tí abẹ́rẹ́ ò fọwọ́ kàn, gọ́ọ̀mù ni ara yín ń kọ̀. Ẹ ṣí i lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì lẹ òmíràn. Ìwé inú páálí lè ní kí ẹ ṣọ́ awọ tó bá pọ́n. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, pípọ́n yẹn kì í hàn dáadáa. Ibẹ̀ lè kàn dúdú sí i ni. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, kí ẹ fi wé apá kejì: ṣé ó gbóná jù ú lọ, ṣé ó wú, ṣé ó le?

Bí ẹ bá fẹ́ ṣí i, ẹ má fà á sókè fàà lórí awọ gbígbẹ. Ẹ jẹ́ kí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ máa dà sí i nílé ìwẹ̀, ẹ mú igun kan, kí ẹ sì máa nà án lọ pẹrẹsẹ, díẹ̀díẹ̀, síbi tí irun ara kọjú sí. Ọwọ́ nìkan ni kí ẹ fi fọ ibẹ̀, kànrìnkàn ò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Bí èèpá bá ti ń ṣí lára rẹ̀, àkókò báńdéèjì ti tán, ẹ má tún lẹ òmíràn. Ẹ má lọ lúwẹ̀ẹ́ títí yóò fi jinná, kódà bí báńdéèjì ṣì wà lára yín, ẹ sì fi aṣọ bo ibẹ̀ fún oòrùn.

Ẹni tí àpá ara rẹ̀ máa ń wú di kókó ńlá gbọ́dọ̀ sọ fún afíntáàtù kí wọ́n tó gbé abẹ́rẹ́ rárá, torí báńdéèjì kankan ò ní kí irú àpá bẹ́ẹ̀ má wú.

Bí ọyún bá jáde, tí ibẹ̀ ń rùn, tí gbígbóná àti wíwú rẹ̀ ń tàn kọjá táàtù, tàbí tí ibà bá mú yín, ẹ ṣí báńdéèjì kúrò, ẹ má fi òmíràn bò ó, ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ sọ ọjọ́ tí wọ́n fín in fún dókítà, kí ẹ sì mú páálí báńdéèjì náà dání kó lè rí irú èyí tí ẹ lò.