Bí ẹ ṣe lè ṣọ́ ìrì dídì nígbà tí igi èso bá ń tanná ní àfonífojì Yakima

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù lọ́dọọdún ni pé ṣé ìgbà ìrúwé yóò tètè móoru. Ẹni tó ń béèrè máa ń retí kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nínú oko ápù àti ṣẹ́rì, ní àfonífojì Yakima ní ìpínlẹ̀ Washington, ọdún tí oṣù kẹta bá móoru gan-an ni ọkàn mi kì í balẹ̀. Igi á rúdí ṣáájú àkókò rẹ̀, òtútù oṣù kẹrin á sì wá ká òdòdó mọ́ ìta gbangba.

Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ti ìjọba Amẹ́ríkà máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ oṣù mẹ́ta jáde ní Ọjọ́bọ̀ kẹta oṣù kọ̀ọ̀kan. Ẹ kà á, ó wúlò fún ètò owó àti òṣìṣẹ́. Àmọ́ kò lè fi òru kan ṣoṣo hàn yín, òru kan ṣoṣo ló sì ń pa èso. Ní àárín oṣù kẹrin ọdún 2022, òjò dídì bọ́ lé òdòdó ṣẹ́rì lórí níbí, ìkórè ọdún yẹn sì kéré púpọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí igi yín dé. Ápù tí ìrúdí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ewé tútù hàn lè fara da òtútù tó 18°F (−8°C) kí ìdá kan nínú mẹ́wàá tó kú. Tó bá ti tanná tán, 28°F (−2°C) fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti tó láti pa ìdá kan náà. Tó bá já sí 25°F (−4°C), mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ti lọ. Dígíríì Fahrenheit mẹ́ta péré! Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín kí ẹ má gbára lé ohun tí fóònù bá sọ nípa ìlú Yakima. Atẹ́gùn tútù wúwo, ó máa ń ṣàn lọ sísàlẹ̀ lóru, á sì kó jọ sí kòtò àti ẹ̀yìn ọgbà tó dí i lọ́nà. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ gbé tẹmómítà yín kọ́. Kí ẹ tó gbé e kọ́, ẹ tì í bọ inú omi tí yìnyín fífọ́ kún: tí kò bá ka 32°F (0°C), ẹ kọ iye tó fi yàtọ̀ sára rẹ̀. Yunifásítì Washington State ní ẹ̀rọ ojú ọjọ́ káàkiri àfonífojì yìí, AgWeatherNet ni wọ́n ń pè é. Ẹ máa wo èyí tó sún mọ́ yín.

Nírọ̀lẹ́, ohun mẹ́ta ni mo máa ń wò: ojú ọ̀run, atẹ́gùn, àti dew point, ìyẹn ìwọ̀n òtútù tí omi inú afẹ́fẹ́ ti máa ń di ìrì; bó bá ṣe lọ sílẹ̀ tó ni afẹ́fẹ́ ṣe gbẹ tó. Tí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, ọkàn mi á rọlẹ̀ díẹ̀. Tí ojú ọ̀run bá mọ́, tí ewé kan ò mì, tí dew point sì wà ní 20°F (−7°C), kò sí oorun lálẹ́ yẹn. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni kì í di ooru mú. Ẹni tó bá ti gbé Òkè-Ògùn lásìkò ọyẹ́ mọ̀ ọ́n: ọ̀sán á mú ganrínganrín, ìdájí á sì máa gbọ̀n yín.

Kí irú òru bẹ́ẹ̀ tó dé, ẹ gé koríko abẹ́ igi sílẹ̀, kí ẹ sì fomi rin ilẹ̀, torí ilẹ̀ tó lómi ló ń tọ́jú ooru ọ̀sán. Fáànù ńlá orí òpó máa ń fa afẹ́fẹ́ tó móoru wá sísàlẹ̀ láti òkè. Ọ̀kan lè ṣọ́ bí éékà mẹ́wàá. Ẹ tàn án kí tẹmómítà tó dé ibi ewu. Tó bá jẹ́ pé atẹ́gùn líle ló gbé òtútù wá, kò sí afẹ́fẹ́ gbígbóná kankan lókè, ẹ má fi epo ṣòfò. Ní ti omi tí à ń wọ́n sábẹ́ igi, bó ṣe ń di yìnyín ló ń tú ooru sílẹ̀. Ẹ tètè ṣí i tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, kí ẹ má sì tì í títí yìnyín náà á fi máa yọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ sùn ní aago mẹ́rin ìdájí. Ìgbà tí oòrùn bá fẹ́ yọ ni òtútù máa ń le jù.

Tó bá di ọ̀sán, ẹ já òdòdó bí ọgọ́rùn-ún láti òkè igi àti ìsàlẹ̀, kí ẹ fi abẹ gé wọn láàárín. Èyí tí inú rẹ̀ dúdú ti kú, èyí tó ṣì tutù yọ̀yọ̀ wà láàyè. Nínú ìdì òdòdó ápù, èyí tó wà láàárín ló máa ń kọ́kọ́ là, òun náà ló sì sábà máa ń kú ṣáájú. Ẹ má tíì bọ́hùn: bí ìdá kan nínú mẹ́wàá òdòdó ápù bá so, igi náà á kún. Ṣẹ́rì ò rí bẹ́ẹ̀, ó nílò púpọ̀ sí i. Títí ẹ ó fi kà wọ́n tán, ẹ má fọ́n oògùn tó ń dín èso kù sí igi kankan.