Àwọn Àṣìṣe tó Wọ́pọ̀ Nínú Fífi Àmì sí Oògùn Ẹni tí Kò Ríran

Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù oògùn ní Ìkòròdú, láti Sábó títí dé Ẹ̀bútè, ẹni tó ń ta oògùn a máa ka hóró oògùn sínú àpòòwé kékeré, a fi bírò kọ "1 x 2" (ẹyọ kan, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́) sí i lára, a sì nà án sí oníbàárà. Ẹni tó ríran yóò kà á. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà tí glaucoma, àrùn ojú tó ń fọ́ni lójú, ti gba ojú rẹ̀ bá kó irú àpòòwé bẹ́ẹ̀ mẹ́ta délé, bákan náà ni gbogbo wọn rí lọ́wọ́ rẹ̀, àfi kí ó jókòó máa retí ẹni tí yóò bá a kà á.

Ìdí nìyí tí mo fi ka yíyọ oògùn kúrò nínú páálí rẹ̀ sí àṣìṣe tó burú jù. Òfin tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní ọdún 2004 béèrè pé kí orúkọ oògùn wà lára páálí ní bíréèlì, ìyẹn àmì tó yọ sókè tí ìka ń kà. Ìdí nìyẹn tí irú àmì bẹ́ẹ̀ fi lè wà lára oògùn tí wọ́n kó wọlé láti ibẹ̀. Ẹni tó bá jù páálí náà nù, tàbí tó lẹ bébà iye owó mọ́ ọn lórí, ti pa á lẹ́nu mọ́. Àṣìṣe ni, síbẹ̀, láti rò pé bíréèlì ti parí ọ̀rọ̀, nítorí ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́ lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún kì í sábà mọ̀ ọ́n kà, orúkọ oògùn kò sì sọ ìgbà tí a ó lò ó.

Rọ́bà tín-ín-rín tí a fi ń di nǹkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò dípò bíréèlì. Ó dára, bí ẹni méjèèjì bá jọ mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ìyá mi ti ní ètò tiwọn tipẹ́: rọ́bà kan ni ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, rọ́bà méjì ni ẹ̀ẹ̀mejì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fẹ́ ṣe wọ́n lóore wé rọ́bà méjì mọ́ páálí amlodipine wọn, kìkì nítorí pé òun ni oògùn kejì lórí ìwé dókítà. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ló yẹ kí wọ́n lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yìí, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́, òòyì tó ń kọ́ wọn ni ó sì jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin tó ń ta oògùn, ẹ kọ́kọ́ béèrè ètò tí aláìsàn ń lò nílé. Bí ó bá jẹ́ ìgò, ara ìgò ni kí ẹ wé rọ́bà mọ́, nítorí ìdérí lè pààrọ̀ ara wọn.

Ní ti oògùn ojú, ẹ má ṣe sọ pé "èyí tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ ìyeyè" fún ẹni tí kò rí àwọ̀. Ike oògùn ojú àti ti etí jọra, kódà ike gúlù kékeré jọ wọ́n, àwọn ènìyàn sì ti kán gúlù sójú rí. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ pátápátá.

Fún ẹni tó ṣì ń ríran díẹ̀, bírò búlúù tín-ín-rín lórí bébà aláwọ̀ ilẹ̀ kò wúlò, bẹ́ẹ̀ ni sẹ́lótéèpù tó ń dán lórí àkọlé. Access Board, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìrọ̀rùn àwọn aláàbọ̀ ara, gbà nímọ̀ràn ní ọdún 2013 pé kí lẹ́tà tó ìwọ̀n 18 (point) tí a ń lò lórí kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà dúdú gbàǹgbà lórí bébà funfun ni kí ẹ lò.

Ẹ má sì ṣe bá ọmọ tó mú aláìsàn wá nìkan sọ̀rọ̀, nítorí yóò padà síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí aláìsàn fi fóònù gba ohùn yín sílẹ̀ fún oògùn kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ tó gba owó, ẹ fi àwọn oògùn náà lé e lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí òun fúnra rẹ̀ sọ èyí tó jẹ́ àti ìgbà tí yóò lò ó. Bí ó bá ṣì í, ẹ tún àmì náà ṣe níbẹ̀.